Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Owó Tí Ẹ Fi Ń Mú Ilé Móoru Kù, Láìjẹ́ Kí Òtútù Mú Yín

Bí ìgbà òtútù bá dé tí owó gáàsì tàbí ti iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ti gbó, ó sì ti tó àkókò láti ra tuntun. Mo bẹ̀ yín, ẹ ní sùúrù ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ilé ni kò lè pa ooru mọ́. Ẹ̀rọ ń ṣe ooru, ilé ń jò ó síta, ẹ̀rọ tún ń ṣe òmíràn, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ olówó ńlá tí wọ́n bá gbé sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìta ni yóò máa mú gbóná.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ yìí ṣe tò tẹ̀ léra ló ṣe pàtàkì jù: ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, ẹ bo òrùlé, ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe máa darí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ronú kan ẹ̀rọ tuntun. Lọ́dún 1991, ní ìlú Darmstadt ní Jámánì, wọ́n kọ́ ilé mẹ́rin tó so mọ́ra lórí èrò yìí: ògiri nípọn, òrùlé nípọn, afẹ́fẹ́ kò sì rí ihò gbà. Láti ara wọn ni ìlànà ilé kíkọ́ tí wọ́n ń pè ní Passivhaus ti jáde, èyí tó ní kí ilé má ṣe lò ju yúnìtì 15 lọ fún ooru lórí mítà onígun mẹ́rin kan láàárín ọdún kan. Ilé tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́ lè má dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló máa tọ̀.

Bí ooru ṣe ń jáde

Ooru kì í jókòó sójú kan. Ibi tó bá tutù ló ń lọ, bí inú ilé bá sì ṣe gbóná ju ìta lọ tó ló ṣe ń yára jáde tó. Ká ní ìta wà ní 0°C: ooru tó máa jáde nínú ilé tó wà ní 20°C jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó máa jáde nígbà tí ilé náà bá wà ní 10°C. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló máa parí àríyànjiyàn kan tí a ó bá pàdé níwájú.

Ooru ń gba inú ògiri, gíláàsì, òrùlé àti ilẹ̀ kọjá. Ó sì tún ń bá afẹ́fẹ́ gba ihò àti àlàfo jáde. Èyí tó ń bá afẹ́fẹ́ jáde yìí ló rọrùn jù láti dá dúró, kò sì ń náni lówó púpọ̀. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ohun kékeré kan wà tó yẹ ká ṣe ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ máa ka mítà

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ lọ wo mítà iná tàbí ti gáàsì, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ bí òtútù ìta ṣe rí lọ́sẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye owó tó wà lórí bíìlì nìkan lè ṣini lọ́nà, torí wọ́n lè fi kún owó yúnìtì láìjẹ́ pé ẹ lo jù bí ẹ ṣe ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Yúnìtì ni kí ẹ máa kà.

Yúnìtì iná kan ni ohun tí ẹ̀rọ oníwáàtì 1,000 máa jẹ láàárín wákàtí kan. Hítà kékeré tí wọ́n kọ 2,000 wáàtì sí lára yóò jẹ yúnìtì méjì ní wákàtí kan. Tí ẹ bá tàn án fún wákàtí márùn-ún láìjẹ́ kó sinmi, yúnìtì mẹ́wàá ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan kì í tún fi hítà sílẹ̀ sínú yàrá tí kò sí èèyàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ojú ibi tí ilé ti lanu la fẹ́ wá báyìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ojú lásán kò sì lè rí.

Ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa tí ìta sì tutù. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń jo gáàsì, igi tàbí epo nínú ilé, kí èéfín rẹ̀ má bàa padà sínú ilé. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá tan fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ wọlé láti gbogbo ihò tó bá ní. Ẹ tan tùràrí, ẹ mú un lọ sí etí fèrèsé, ẹ máa gbé e yípo díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sún mọ́ aṣọ fèrèsé. Níbi tí èéfín bá ti ń lọ sókè tààrà, kò síṣòro níbẹ̀. Níbi tó bá ti ń gbọ̀n tàbí tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ibẹ̀ kí ẹ lè padà síbẹ̀.

Fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ń ṣí, ẹ fi bébà kan há a, kí ẹ tì í. Tí ẹ bá fa bébà náà tó sì yọ láìfarapa, rọ́bà etí rẹ̀ ti kú tàbí kò sí rárá. Lálẹ́, kí ẹnì kan dúró sínú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó máa tan iná yíká férémù ilẹ̀kùn, kí ẹlòmíràn wà níta. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà jáde, ooru ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ má fi gbogbo àkókò yín sórí fèrèsé o. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tútù lọ, òkè ló ń lọ, tó bá sì dé òkè á wá ihò gbà jáde: etí ìdérí tí a ń gbà wọ àjà, ojú ibi tí wáyà iná ti wọ àjà, ẹ̀gbẹ́ páìpù. Bó ṣe ń jáde lókè ni ilé ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé nísàlẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tutù ní pálọ̀ lè máa dí abẹ́ ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé inú àjà ni ìṣòro rẹ̀ ti ń wá. Nítorí náà, ẹ gòkè lọ, ẹ yẹ ibẹ̀ wò dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wo ìsàlẹ̀: ibi tí ògiri ti bá ìpìlẹ̀ pàdé, abẹ́ síǹkì níbi tí páìpù ti wọnú ògiri, ẹ̀yìn ọpọ́n ìwẹ̀, àlàfo àárín pákó ilẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri ìta, ihò lẹ́tà lára ilẹ̀kùn, àti ihò èéfín tí ẹnikẹ́ni kì í dáná sí mọ́.

Tí agbára bá ká a, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń gbé fáànù ńlá sí ojú ilẹ̀kùn, tí wọ́n á fi fa afẹ́fẹ́ ilé jáde kí wọ́n lè wọn bó ṣe ń jò tó. Tí wọ́n bá tún mú kámẹ́rà tó ń rí ooru dání, ẹ ó rí gbogbo ibi tó tutù lára ògiri kedere. Owó wọn tọ́ fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá sí ilé rẹ̀. Tùràrí tó fún ẹni tó kàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dí i, àmọ́ ẹ mọ èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dí

Ohun tó bá ń ṣí tó ń tì, bí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, rọ́bà tàbí fóòmù alẹ̀mọ́ ni ẹ máa lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ẹ nu férémù mọ́ kó sì gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní pẹ́ já. Abẹ́ ilẹ̀kùn gba búrọ́ọ̀ṣì gígùn tí wọ́n ń kàn mọ́ ọn. Àlàfo tí kì í mira, tí kò fẹ̀ ju mìlímítà mẹ́fà lọ, sílíkónì tàbí gọ́ọ̀mù ìdíhò tó wà nínú ìgò gígùn ló ń dí i. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ ki okùn fóòmù bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù bò ó, tàbí kí ẹ lo fóòmù tí wọ́n ń fọ́n tó máa ń wú. Ní ẹ̀gbẹ́ férémù fèrèsé àti ilẹ̀kùn, èyí tí kì í wú púpọ̀ ni kí ẹ rà, torí èyí tó ń wú gan-an lè tẹ férémù débi tí kò ní ṣeé ṣí mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín yàtọ̀. Ó máa ń gbóná gan-an, fóòmù sì lè gbiná. Irin pẹlẹbẹ àti gọ́ọ̀mù tí iná kò lè ràn ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ju gbogbo ìyókù lọ nìyí. Àwọn ihò kan wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá wọn sílẹ̀ ni. Èyí tó ń fún ẹ̀rọ gáàsì tàbí iná igi ní afẹ́fẹ́, ẹ má dí i. Èyí tó wà lára ògiri ìta lábẹ́ ilẹ̀ onípákó, ẹ má dí i, torí pákó á jẹrà. Àwọn tó wà ní etí òrùlé, ẹ má dí wọn. Ẹ̀rọ tó bá ń jó nínú ilé láìrí afẹ́fẹ́ tó máa ń tú gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ó sì lè pa gbogbo ilé lójú oorun. Ilé èyíkéyìí tí wọ́n bá ti ń jo gáàsì, igi, epo tàbí èédú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ké tó bá gbúròó rẹ̀, kó sì wà nítòsí ibi tí ẹ ń sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ̀rọ gáàsì ìdáná tàbí gbé ìkòkò èédú wọ yàrá láti fi yáná, bó ti wù kí òtútù le tó.

Ilé tó bá ti dì tún nílò kí ọ̀rinrin rí ọ̀nà jáde. Èémí wa, ìdáná, ìwẹ̀ àti aṣọ tí a sá sínú ilé ń tú omi sínú afẹ́fẹ́. Omi yẹn á wá ibi tó tutù jù, á sẹ̀ síbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí igun ògiri àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bu, tí àmì dúdú á máa yọ lára wọn. Ẹ tan fáànù balùwẹ̀ àti ti ilé ìdáná nígbà tí ẹ bá ń lò wọ́n. Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ sì tì í padà. Afẹ́fẹ́ á ti pààrọ̀, ṣùgbọ́n ògiri àti àga kò ní tíì tutù. Fèrèsé tí ẹ ṣí díẹ̀ tó sì wà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́ ló ń kó ooru lọ, tó tún ń sọ ògiri di tútù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ bo òrùlé

Lẹ́yìn ìgbà tí ihò inú àjà bá ti dí tán ni kí ẹ tó tẹ́ insulation, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá, síbẹ̀. Òwú gíláàsì, òwú òkúta, bébà tí wọ́n lọ̀, irun àgùntàn, oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú ara wọn kó má lè rìn. Afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan yìí gan-an ni ooru kì í lè gbà kọjá bọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òwú tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tó mu omi kò wúlò mọ́, àti pé ẹni tó bá kó àpótí ẹrù lé e lórí ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 27 ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú ìmọ̀ràn fún òwú gíláàsì, níbi tí òtútù bá sì ti le gan-an, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Tí àjà yín bá ṣófo pátápátá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí owó tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 27 dá yín dúró. Ẹ fi èyí tí agbára yín ká bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọ ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, torí òwú gíláàsì máa ń yúnni lára. Orí igi àjà nìkan ni kí ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ́ pákó sórí wọn; ẹni tó bá tẹ àárín igi méjì lè já bọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ́ ìpele àkọ́kọ́ sí àárín àwọn igi náà títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú orí wọn. Ìpele kejì, ẹ gbé e dábùú lórí igi, torí igi fúnra rẹ̀ ń gbé ooru kọjá, tí a kò bá bò ó, á máa jò níbẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní etí òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sínú àjà, kí igi má bàa jẹrà. Ẹ gbé wáyà iná sórí òwú dípò kí ẹ sin ín sábẹ́ rẹ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Gílóòbù tí wọ́n rì sínú àjà, ẹ má bò ó àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ṣeé bò.

Ìdérí ihò tí ẹ gbà gòkè ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ẹ lẹ rọ́bà mọ́ etí rẹ̀, kí ẹ sì lẹ fóòmù tó nípọn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tún rántí pé nígbà tí ooru ilé kò bá dé inú àjà mọ́, ibẹ̀ á túbọ̀ tutù. Tí páìpù tàbí táǹkì omi bá wà níbẹ̀, ẹ fi ohun tó nípọn wé wọn kí omi má bàa dì. Abẹ́ táǹkì nìkan ni kí ẹ má tẹ́ òwú sí, kí ìwọ̀nba ooru tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lè dé ara rẹ̀.

Tí ilé bá ti pẹ́, tí ẹ sì bá ohun wẹ́wẹ́ tó ń dán bí òkúta lójú àjà, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbá a. Ó lè jẹ́ vermiculite, èyí tí asbestos máa ń wà nínú òmíràn lára rẹ̀, eruku asbestos sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò.

Ògiri àti ilẹ̀ náà ń jò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ju ti ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ. Ògiri tó ní àlàfo láàárín, wọ́n lè fọ́n òwú sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tí kò ní àlàfo, inú tàbí ìta ni wọ́n ti ń bò ó, tí oníṣẹ́ kò bá sì kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin, omi á há sínú ògiri. Fún ilẹ̀, rọ́ọ̀gì tó nípọn ń ṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Fèrèsé

Pípààrọ̀ fèrèsé wọ́n, owó rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó padà wọlé. Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe é nítorí ooru nìkan. Ẹ dúró di ìgbà tí férémù bá jẹrà, kí ẹ wá ra onígíláàsì méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n fi èròjà tó ń dá ooru padà bo ojú rẹ̀.

Kó tó dìgbà náà, fíìmù onírọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ férémù látinú, tí wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ ìfẹ́run nà kó le tan-an-tan, máa ń há afẹ́fẹ́ sí àárín òun àti gíláàsì, kò sì wọ́n. Ó dára gan-an fún ẹni tó háyà ilé, torí ó ṣeé bó kúrò. Aṣọ fèrèsé tó wúwo náà ń ràn wá lọ́wọ́. Lójú ọ̀sán, ẹ ṣí èyí tó kọjú sí oòrùn kí ooru ọ̀fẹ́ lè wọlé, kí ẹ sì fa gbogbo rẹ̀ bo fèrèsé nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Tí rédíétọ̀, ìyẹn irin tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ láti mú yàrá móoru, bá wà lábẹ́ fèrèsé, ẹ má jẹ́ kó bò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gíláàsì ni rédíétọ̀ á máa mú gbóná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ darí ẹ̀rọ bó ṣe yẹ

Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Àwọn kan ní ó sàn kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ ní kékeré látàárọ̀ títí alẹ́ ju kí wọ́n pa á lọ nígbà tí wọ́n bá jáde, torí pé á ná wọn lówó púpọ̀ láti mú ilé tó ti tutù gbóná padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ti rí i pé bí inú ilé bá ṣe gbóná sí ni ooru ṣe ń yára jáde sí. Ní gbogbo wákàtí tí ilé fi tutù díẹ̀ ni ooru tó ń sá lọ fi dín kù, ohun tí ẹ sì máa fi mú un gbóná padà kò tó ohun tí ẹ ti fi pa mọ́. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ẹni tó bá fi nǹkan bíi dígírì mẹ́rin sí márùn-ún ààbọ̀ Celsius dín ooru ilé kù fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ lè fi tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìmóoru àti ìmútutù pa mọ́ lọ́dún. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni heat pump, ẹ̀rọ oníná tó ń kó ooru láti ìta wọlé, tó máa ń ṣe dáadáa jù tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìdáwọ́ dúró. Tiẹ̀, díẹ̀ ni kí ẹ fi dín in kù.

Àwọn mìíràn máa ń wọlé látinú òtútù, wọ́n á sì yí thermostat, ìyẹn ohun tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, dé 30°C kí ilé lè tètè gbóná. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìyẹn kò yá ju 20°C lọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yí padà. Á kàn kọjá ibi tí ẹ fẹ́ ni, ẹ ó sì wá máa ṣí fèrèsé. Ó sàn kí ẹ fi aago inú rẹ̀ sí i pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdajì wákàtí ṣáájú kí ẹ tó jí tàbí kí ẹ tó wọlé.

Báwo la ṣe lè dín in kù tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2018 pé 18°C ni ìwọ̀n tí kò yẹ kí inú ilé tutù jù lọ ní ìgbà òtútù fún ìlera ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé tí àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́ tàbí aláìsàn bá wà gbọ́dọ̀ móoru ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ara ìyá tàbí bàbá yín tó ti dàgbà dín owó kù. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í lò ni kí ẹ dín ooru rẹ̀ kù, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Tí rédíétọ̀ bá ní bọ́tìnnì onínọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nọ́ńbà 3 sábà máa ń túmọ̀ sí nǹkan bíi 20°C. Ẹ fi 3 sí ibi tí ẹ ń jókòó, kí ẹ fi 1 tàbí 2 sí yàrá tó ṣófo.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tọ́jú ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀

Rédíétọ̀ tó tutù lókè tó gbóná nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ló há sí i nínú. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi aṣọ sábẹ́ ẹnu kékeré tó wà ní igun òkè rẹ̀, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yí i sí apá òsì díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tó ń hó ṣìì. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ tì í. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago tó ń wọn agbára omi lára bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi rédíétọ̀ gbóná. Ó sábà yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5 bar nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù. Èyí tó tutù nísàlẹ̀ tó gbóná lókè, ẹrẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, púlọ́ńbà ló máa fọ̀ ọ́. Ẹ gbé àga ńlá kúrò níwájú rédíétọ̀.

Fún bọ́ílà gáàsì tó ń gba ooru inú èéfín padà, wọ́n sábà máa ń ṣètò omi rédíétọ̀ rẹ̀ sí 75°C tàbí 80°C. Omi tó ń padà wọnú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 55°C lọ kó tó lè gba ooru yẹn dáadáa. Ẹ dín omi rédíétọ̀ kù sí 60°C, kí ẹ wò ó bóyá ilé ṣì ń móoru. Ẹ ṣọ́ra níbi kan: omi tí ẹ ń tọ́jú sínú táǹkì fún ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 60°C, kí kòkòrò Legionella má bàa gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wé táǹkì náà àti páìpù rẹ̀.

Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ẹ̀rọ yín ń fẹ́ kiri, ẹ máa yẹ asẹ́ rẹ̀ wò lóṣooṣù, ẹ má sì jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ láìpààrọ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà nínú àjà àti abẹ́ ilẹ̀. Ètò ENERGY STAR ní Amẹ́ríkà fojú bù ú pé nínú ilé tó wọ́pọ̀, ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ ló ń ṣòfò. Tépù onírin tàbí gọ́ọ̀mù tó wà fún un ni kí ẹ fi dí i. Tépù aláṣọ kì í pẹ́ bó.

Hítà kékeré dára fún ẹnì kan nínú yàrá kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi í sí ibi tó jìnnà tó mítà kan sí ohunkóhun tó lè gbiná, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri gan-an sì ni kí ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ̀, ẹ má fi wáyà ìfàgùn kún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ìpolówó ọjà tàn yín: gbogbo hítà iná, àti olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi, yúnìtì ooru kan ni wọ́n ń mú jáde látinú yúnìtì iná kan. Kò sí èyí tó ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun

Heat pump kì í ṣẹ̀dá ooru, ó ń kó o láti ìta wọlé ni, kódà nígbà tí ìta tutù. Nítorí náà, látinú yúnìtì iná kan ó lè mú nǹkan bíi yúnìtì ooru mẹ́ta wọlé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí òtútù kò bá le. Bóyá á dín owó yín kù tàbí kò ní dín in kù dá lórí bí owó yúnìtì iná ṣe rí sí ti gáàsì níbi tí ẹ ń gbé, ẹ sì lè fi ìṣirò yín mọ ìyẹn kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo hítà iná lásán, èrè rẹ̀ máa ń hàn kedere.

Oníṣẹ́ tó bá dé ilé yín tó kàn wo bọ́ílà àtijọ́ tó sì ní òun á gbé èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wá, ẹ má gbà. Ní kó wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ògiri rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀ bó ṣe rí báyìí lẹ́yìn tí ẹ ti dí i, kó sì ṣírò ooru tó ń jáde lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó tutù jù. Ẹ ní kó kọ ìṣirò náà fún yín. Omi heat pump kì í gbóná tó ti bọ́ílà, ẹ bi í bóyá rédíétọ̀ tó wà nílẹ̀ tóbi tó láti fi omi 45°C tàbí 50°C mú yàrá náà móoru. Èyí tí kò bá tóbi tó nìkan ni kó pààrọ̀.